Fíltà Tí A Sọ ní Yaw

Hamburg,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní.

Agya mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Mo kí Maame, mo kí gbogbo ará ilé, mo sì kí ilé fọ́tò Wo-Ojú-Rẹ tó wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ Mampong, tó ti ń bọ́ wa láti ìgbà tí mo ti wà nínú oyún. Ẹ kú ọyẹ́. Òjò dídì ló wà níbí ní tiwa. Ara mi le. Àwọn arúgbó tí mo ń tọ́jú náà le, àfi àwọn tí Ọlọ́run ti pè.

Lọ́jọ́ tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ẹ ní àwọn oníbàárà ń sá lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó ń fi fóònù ya fọ́tò. Ẹ ní fíltà inú fóònù wọn ń sọ èèyàn dúdú di funfun bí ẹ̀kọ, pé ìyàwó kan gba fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ tán, ó ń bèèrè pé ta nìyí. Ẹ rẹ́rìn-ín, Agya, àmọ́ mo gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀rín yẹn. Ẹ̀rù ń bà yín pé àwọn èèyàn ò ní wá wo ojú wọn lọ́dọ̀ yín mọ́.

Mo ti ṣe fíltà kan fún yín. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi mi láti oṣù kẹwàá ni mo fi ṣe é. Mo kó àwọn fọ́tò àtijọ́ tí ẹ fún mi nígbà tí mò ń bọ̀ sínú kọ̀ǹpútà: ti Maame nígbà tó wọ aṣọ Ọdún Àjíǹde, ti àwọn akọrin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ti Bàbá àgbà lórí àga. Mo wò wọ́n títí mo fi mọ ohun tí ọwọ́ yín máa ń ṣe nínú yàrá òkùnkùn láyé ọjọ́un. Mo gbé ibi tó ṣókùnkùn sókè díẹ̀ kí irun lè hàn bí irun. Mo tẹ ibi tó ń dán níwájú orí èèyàn sílẹ̀ díẹ̀. Mo fi ooru díẹ̀ sí i, bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ tiwa. Mi ò fọwọ́ kan àwọ̀ ara rárá. Ẹni tó dúdú, kó dúdú. Ohun gbogbo ló kéré níbẹ̀, bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Tí ẹni tó ń jẹun bá ti ń sọ̀rọ̀ iyọ̀, ó ti pọ̀ jù nìyẹn.

Orúkọ yín ni mo sọ ọ́: Yaw. Tí ẹ bá ti ya fọ́tò tán lórí fóònù, ẹ tẹ Yaw, yóò wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ wò ó, kí ẹ sọ ohun tó kù fún mi. Ojú yín ló kọ́ tèmi, ohun tí ẹ bá sì sọ ni màá ṣe.

Ọmọ yín,
Afua Pokuaa.


Mampong,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kìíní.

Afua Pokuaa, ìyá mi,

Mo kí ọ, ìwọ tó o gba orúkọ ìyá mi, tó o sì gba oríkunkun rẹ̀ mọ́ ọn. Maame ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun. Mo ní ẹni tó ń ṣe fíltà á jẹun. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn.

Orí ìwé ni mo kọ lẹ́tà yìí sí. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi Yaw sí i, mo sì fi ránṣẹ́ sí ọ. Má sọ fún mi pé kí n máa sọ̀rọ̀ sínú fóònù. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù máa ń ní “ẹ̀n-ẹ̀n” ṣáá ni, ohun tó fẹ́ sọ á sì ti lọ.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. O wo ilé, o sọ fíltà ní Yaw. Inú mi dùn débi pé mo gbé e lọ fi han Kwaku Safo, olórí ẹbí tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ó ní ṣé fíltà náà ò ní máa gbàgbé ibi tó bá fi gíláàsì ojú rẹ̀ sí bíi ti ẹni tó jẹ́ orúkọ mọ́. Má dá a lóhùn.

Fíltà náà dára. Ó kù díẹ̀. Àwọ̀ ìyeyè ti pọ̀ jù níbẹ̀, ọmọ mi. Gbogbo èèyàn pọ́n bí ẹni tí ibà apọ́njú ń ṣe. Aṣọ funfun àwọn akọrin dà bí aṣọ tí a fi omi odò fọ̀. Yọ ìyeyè yẹn kúrò fún mi.

Tètè ṣe é. Nana Ataa Birago ti kú, ìyá àgbà ẹbí Safo. Fosuaa, ọmọbìnrin ẹbí wọn kan, ló tọ́jú rẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Èmi ni wọ́n pè láti ya fọ́tò ìsìnkú, èmi, wọn ò pe àwọn ọmọ fóònù. Ìwé fọ́tò ńlá ni wọ́n fẹ́, tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn wọn tó wà ní Accra àti lókè òkun tí wọn ò ní lè wá. Ìwọ náà mọ bó ṣe ń rí: ẹni tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ òkú á wọ pupa, àwa yòókù á wọ dúdú. Ẹni tó bá ṣí ìwé yẹn ní London gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ni òkú láì bèèrè.

Bàbá rẹ,
Yaw Amankwaa.


Hamburg,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì.

Agya mi,

Ẹ kú ara fẹ́ra kù, ẹ kú ọ̀fọ̀ Nana. Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Òun ló máa ń fún wa ní ẹ̀pà sísè lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, táá sì bi wá lẹ́yìn náà pé ta ló kọ́ wa láti máa jẹun lọ́wọ́ èèyàn.

Mo ti yọ ìyeyè náà. Mo fi ọ̀tun ránṣẹ́ báyìí. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín: irú ìwé wo lẹ fi kọ lẹ́tà yẹn? Nígbà tí mo ṣí fọ́tò rẹ̀, ìwé náà dà bí èyí tí a rì sínú aró. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé ní, “Bàbá ẹ mà ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí ẹ.”

Mo pè yín lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí kí n lè rí ojú yín, ẹ ò gbé e. Maame ní ẹ wà nínú ilé. Kí ni mo ṣe?

Afua yín.


Mampong,
Ọjọ́ ogún, oṣù kejì.

Afua,

Mo kí ọ. Ìwé mi funfun báláú, ilé ìtàwé ni mo ti rà á. Bóyá fóònù rẹ ló fẹ́ràn aró.

Fíltà tí o fi ránṣẹ́, ìyeyè ṣì wà níbẹ̀. Mo ní kí o yọ ọ́, o ṣe bí ẹni tó ń yọ egungun ẹja lẹ́nu ọmọ òǹrorò. Fi gbogbo ọwọ́ yọ ọ́! Fi aró sí i, kí nǹkan lè mọ́. Ohun kejì, pupa ń pariwo. Obìnrin kan wọ búláòsì pupa wá síbí lánàá, nínú fọ́tò, ó dà bí ìgbà tí iná ń jó o. Tẹ pupa náà lórí ba.

Mo mọ̀ pé o ti kàwé, mo mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ń gbọ́ tìrẹ. Àmọ́ bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Mo ti ń wo àwọ̀ kí ìyá rẹ tó mọ̀ mí. Nígbà tí a ń fọ fọ́tò nínú omi, òórùn nìkan ni mo fi ń mọ̀ pé ó ti tó yọ. Ṣe bí mo ṣe sọ. Àbámẹ́ta yìí ni ìsìnkú.

Ní ti pípè, iṣẹ́ pọ̀. Fóònù yẹn sì ń tàn sí mi lójú.

Yaw Amankwaa.


Hamburg,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì.

Agya,

Ó ti dé ọ̀dọ̀ yín. Mo fi aró sí i, mo tẹ pupa lórí ba, mo sì ṣe é bí ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́. Àmọ́ tí mo bá dákẹ́, irọ́ ni mo pa fún yín: kò wù mí. Lójú tèmi, àwọn èèyàn inú rẹ̀ dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi tútù jáde. Ẹ̀yin ni àgbà iṣẹ́, mo sì gbà fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ padà sí ti àkọ́kọ́, ó ṣì wà níbẹ̀.

Mo ní kí n rí ojú yín lórí fóònù, ẹ ní ó ń tàn sí yín. Ó dáa.

Afua.


Hamburg,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin.

Agya mi,

Ìsìnkú ti kọjá, Ọdún Àjíǹde ti kọjá, ẹ ò tíì kọ̀wé. Ṣé ẹ ń bínú nítorí ohun tí mo sọ nípa fíltà? Mo tọrọ àforíjì. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kó jẹ́ èébú pàápàá, màá gbà á.

Afua.


Mampong,
Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún.

Afua Pokuaa,

Èmi ni o, Dufie, ìyá rẹ. Mò ń sáré kọ èyí nígbà tí bàbá rẹ lọ sí ilé ìjọsìn, torí náà má wo bí ọwọ́ mi ṣe rí. Ṣé o ń jẹun?

Wàhálà dé bá wa. Ìwé fọ́tò ìsìnkú Nana ti jáde, ó ti dé Accra, ó ti dé òkè òkun. Nínú gbogbo rẹ̀, Fosuaa wọ dúdú. Ó jókòó láàárín àwọn ọmọ ilé tó wọ pupa, òun nìkan dúdú. Fosuaa ní pupa lòun wọ̀, aṣọ ọ̀fọ̀ ìyá òun, pupa àtijọ́ tó jinlẹ̀. Èmi rí i lọ́jọ́ yẹn, Afua. Pupa ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ò rántí mọ́. Ta ló ń ka aṣọ lára níbi tí wọ́n ti ń sunkún?

Òun ni wọ́n fẹ́ fi sí ipò Nana, kó di ìyá àgbà ẹbí. Adwoa Kyem tó fẹ́ ipò yẹn fún ọmọ tirẹ̀ wá gbé ìwé fọ́tò káàkiri pé, “Èmi ò sọ nǹkan kan o. Ẹ sáà wò ó. Òun fúnra rẹ̀ mọ ibi tí òun dé.” O mọ̀ pé èèwọ̀ ni níbí láti tú ìpìlẹ̀ ẹnì kan síta. Kò tú u. Ó jẹ́ kí fọ́tò tú u fún òun. Wọ́n ti ń sọ ọ́ ní kọ́lọ́fín pé ìyá ìyá Fosuaa, wọ́n kó o lẹ́rú wá síbí ni.

Wọ́n bi bàbá rẹ. Ó ní bó ṣe rí i ló ṣe yà á. Gbogbo ìlú sì ní Yaw Fọ́tò kì í parọ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní kí n lọ gún fùfú mi.

Nǹkan mìíràn wà. Láti ìgbà díẹ̀, gbogbo fọ́tò rẹ̀ ló tutù bí òwúrọ̀ ọyẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ní ìgbàlódé ni, kò sí ẹni tó bi í. Èmi náà ò bi í. Ó máa ń fọwọ́ tá ògiri kó tó wọlé. Mo rò pé àgbà ló ń dé.

Gbà wá nímọ̀ràn. Má sọ pé èmi ni mo kọ̀wé.

Maame.


Hamburg,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù karùn-ún.

Agya mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jókòó ka èyí, ẹ má kà á lórí ìdúró.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ Fosuaa. Mo wá to gbogbo àtúnṣe tí ẹ ní kí n ṣe sí Yaw sójú kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lọ: ẹ yọ ìyeyè, ẹ tún yọ ọ́, ẹ fi aró kún un. Mo rántí obìnrin arúgbó kan níbi iṣẹ́ mi tó bú wa fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko pé a pààrọ̀ kọ́tìnì funfun òun sí èyí tó dọ̀tí. A ò fọwọ́ kan kọ́tìnì rẹ̀. Nǹkan bíi kùrukùru ló ti bo ẹyinjú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, kọ́tìnì rẹ̀ funfun padà.

Mo wá yí fíltà náà po. Ohun tí ẹ ní kí n yọ, mo fi í kún un. Ohun tí ẹ ní kí n fi kún un, mo yọ ọ́, kí n lè rí ohun tí ẹ̀yin ń rí. Mo fi wo fọ́tò Maame. Agya, Maame jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì tí èéfín ti pa. Ibi tó pupa fòò lára aṣọ rẹ̀ ń jó bí iná, ibi tí pupa ti jinlẹ̀ sì ti di dúdú. Mo sunkún nínú ilé ìdáná títí ọ̀rẹ́ mi fi wá bi mí pé ta ló kú.

Láti ìgbà wo ni, tí ẹ fi ń fọwọ́ tá ògiri kí ẹ tó wọlé? Ṣé ìdí nìyí tí ẹ kì í fi í gbé fóònù?

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú yín wò ní Kumasi. Wọ́n ń ṣe é, kò pẹ́, èèyàn sì ń padà sílé. Ní ti ìpàdé ẹbí, ẹ sọ fún wọn pé èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ ní, “Ọmọ mi tó wà lókè òkun ló ṣe ẹ̀rọ burúkú.” Jìnnìjìnnì ò mú mi, wọn ò lè bá mi dé Hamburg. Fosuaa á bọ́, orúkọ yín náà á sì bọ́.

Ọmọ yín tó nífẹ̀ẹ́ yín,
Afua.


Mampong,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù karùn-ún.

Afua Pokuaa,

Ojú mi ò ṣe nǹkan kan. Ojú tí mo fi ya bíṣọ́ọ̀bù ni. Bí mo bá fọwọ́ tá ògiri, ògiri mi ni.

Má kọ lẹ́tà ojú sí mi mọ́. Sọ fún ìyá rẹ tó ń fi ọ̀rọ̀ ilé ránṣẹ́ sókè òkun pé mo mọ̀.

Bàbá rẹ.


Mampong,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹfà.

Ìyá mi,

Mo kí ọ. Mo kí ọ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, torí èyí tí mo kọ kẹ́yìn kì í ṣe ìkíni. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ, kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn tó máa fi ata sí i.

Wọ́n pe ìpàdé sí àgbàlá Kwaku Safo, lábẹ́ igi máńgòrò. Adwoa Kyem dìde pẹ̀lú ìwé fọ́tò lọ́wọ́.

Ó ní, “Ẹ̀yin àgbà, èmi ò dárúkọ ìpìlẹ̀ ẹnì kankan, ẹnu mi ò sí níbẹ̀. Fọ́tò ló ń sọ̀rọ̀. Kí ló dé tó fi wọ dúdú síbi òkú tó ní tòun ni?”

Fosuaa ní, “Pupa ni mo wọ̀, aṣọ ìyá mi.”

“Yaw Fọ́tò wá parọ́ nìyẹn?”

Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, “Yaw kì í parọ́! Ẹ ò rántí bó ṣe ya ìyàwó kátíkísì pẹ̀lú ojú òkùrorò rẹ̀, tí kò bá a bo nǹkan kan?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gbé àyà sókè.

Fosuaa ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó fa aṣọ kan yọ nínú báàgì, ó wá síwájú mi, ó sì fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Bàbá Yaw, ẹ̀yin lẹ ya fọ́tò. Gbogbo ìlú ló gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́, èmi náà gbà á gbọ́. Aṣọ tí mo wọ̀ nìyí. Ẹ sọ àwọ̀ rẹ̀ fún wọn, ohun tí ẹ bá sọ ni màá gbà.”

Mo tú u. Mo gbé e súnmọ́ ojú. Mo wò ó bí ẹni tó ń wo ojúlówó iṣẹ́, tinú tẹ̀yìn, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé mo kánjú.

Mo ní, “Dúdú ni.”

Mo rò pé òtítọ́ ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Mo fi aṣọ náà hàn wọ́n yíká, bí mo ṣe ń fi fọ́tò han oníbàárà.

Kwaku Safo ní, “Yaw, tún un wò.”

“Mo ti wò ó. Dúdú ni. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó wà níbí.”

Adwoa Kyem ló kọ́kọ́ jókòó. Ó gbé ìwé fọ́tò sórí ẹsẹ̀, ó ní, “Yéè. Ọkùnrin yìí ò ríran.”

Afua, ojú tì mí. Mi ò ní bò ó fún ọ. Mo ti dúró níwájú èèyàn pẹ̀lú kámẹ́rà láti ọmọdé, mi ò sì rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí gbogbo wọn á rí mi, tí èmi ò ní rí wọn. Lẹ́tà rẹ wà lápò mi, èyí tí o ní kí n dá ọ lẹ́bi. Ọwọ́ mi kàn án. Mi ò yọ ọ́.

Fosuaa ti bọ́ nínú ẹ̀sùn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó yọ̀. Kò yọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi ẹsẹ̀ mi, ó ń ká aṣọ náà díẹ̀díẹ̀. Ó ní, “Bàbá, pupa ni. Ẹ má bínú. Tí mo bá mọ̀ ni, mi ò ní bi yín níwájú èèyàn láé.” Ìyá rẹ ń sunkún. Èmi náà sunkún.

Mo sọ fún wọn pé ó ti tó ọdún méjì tí nǹkan ti ń ṣe bàìbàì lójú mi. Mo sọ fún wọn pé ọmọ mi ṣe fíltà tó dára, pé èmi ni mo ní kó máa bà á jẹ́ títí ó fi bàjẹ́ tó bí mo ṣe fẹ́. Mo bẹ Fosuaa. Kwaku Safo ní kí a gba gbogbo ìwé fọ́tò náà padà níbi yòówù tó bá dé.

O mọ̀ ọ́n kí n tó sọ ọ́, ìwọ ọmọ yìí. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé tí dókítà bá ti fọwọ́ kan ojú mi, iṣẹ́ mi parí nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Fosuaa àti ìyá rẹ á mú mi lọ sí Kumasi. Ojú kan lákọ̀ọ́kọ́. Fosuaa ní òun lòun máa di ọwọ́ mi mú, pé ìyá rẹ á máa bá dókítà jà.

Bàbá rẹ,
Yaw.


Hamburg,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù keje.

Agya mi, Agya mi,

Maame ti pè mí, ó ní wọ́n ti ṣe é, ó sì lọ dáadáa. Ọlọ́run ṣeun. Ẹ kú ewu. Ẹ má fọwọ́ nù ún, ẹ má tẹ̀ ba láti gbé nǹkan wúwo, ẹ má jà pẹ̀lú Maame.

Ẹ kú ìgboyà lábẹ́ igi máńgòrò yẹn. Mo ka lẹ́tà náà fún ọ̀rẹ́ mi, nígbà tí mo dé ibi tí Fosuaa jókòó sílẹ̀, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó bá mi kà á tán.

Mo fi fọ́tò mi kan ránṣẹ́ kí ojú tuntun yẹn lè rí nǹkan tó dùn wò. Etí odò ìlú yìí ni mo ti yà á ní ọjọ́ Àìkú. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ, ẹ má ṣe ìyọnu kankan nítorí mi.

Afua yín.


Mampong,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹjọ.

Afua Pokuaa, ìyá mi,

Mo kí ọ. Èmi ni, pẹ̀lú ojú kan tó ń ríran àti ojú kan tó ń retí tirẹ̀.

Wọ́n tú aṣọ kúrò lójú mi ní òwúrọ̀, mo rí ojú ọ̀run. Mi ò mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo délé, ògiri ilé fọ́tò tí mo rò pé mo kùn ní funfun lọ́dún tó kọjá, àwọ̀ aró ni! Gbogbo ìlú ló mọ̀, wọ́n ní ọ̀ṣọ́ ni. Mo wo ìyá rẹ, mo ní, “Dufie, ìgbà wo lo hu ewú?” Ó ní, “Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ.”

Mo ti tún gbogbo fọ́tò ìsìnkú Nana tẹ̀. Yaw àkọ́kọ́ ni mo lò, èyí tí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Mi ò fi nǹkan kan sí i, mi ò yọ nǹkan kan. Ó dára, ọmọ mi. Ó dára ju ohun tí mo lè ṣe nínú yàrá òkùnkùn lọ. Fosuaa pupa láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Mo gbé ìwé náà lọ sí Accra fúnra mi, láti ilé dé ilé, mo sì sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pé ojú mi ló ṣìṣe. Wọ́n ti fi Fosuaa sí ipò Nana. Adwoa Kyem ló kọ́kọ́ ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, ó sì ní kí n ya òun láti ẹ̀gbẹ́ tó rẹwà.

Àwọn oníbàárà ń bọ̀. Àwọn kan ń wá wo ojú mi ju tiwọn lọ, mi ò lé wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Fọ́tò rẹ dé. O jókòó létí odò, o ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ ní o ti sanra, ó ń fi han gbogbo àdúgbò. Èmi gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo sì wò ó pẹ́.

O gbé òkùnkùn abẹ́ ojú rẹ sókè. Díẹ̀ ni, àmọ́ o gbé e. O fi pupa díẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Egungun ọrùn rẹ, o tẹ òjìji ibẹ̀ títí kò fi ṣe bí egungun mọ́. O ṣe é dáadáa, ẹlòmíràn ò lè mọ̀. Bí o bá fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, èmi náà ì bá má mọ̀.

Yọ fíltà yẹn kúrò, ìyá mi, kí o tún fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi bí ó ṣe wà. Mi ò ní bínú. Mo kàn fẹ́ rí ọ ni.

Bàbá rẹ,
Yaw Amankwaa.


Hamburg,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ.

Agya mi,

Òun nìyí. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ẹ jókòó kí ẹ tó wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi han Maame. Ẹ pè mí lálẹ́ yìí, màá gbé e, màá sì jẹ́ kí ẹ rí ojú mi.

Afua.